Ife Kọfí ní Utaybiyah

Nígbà tí wọ́n sin Ruqoyyah tán, àwọn àgbààgbà ìdílé Nawaf gbéra láti Mẹ́kà, wọ́n wá sí ilé Kàmọ́rù, bàbá rẹ̀, ní Ruwais, ní Jẹ́dà. Kabirat, ìyá òkú ọmọ, gbé kọfí síwájú wọn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó fẹnu kàn án. Àṣà wọn nìyẹn. Àlejò tó bá ní ẹ̀bẹ̀ ńlá nínú yóò gbé ife sílẹ̀, kò ní mu ún títí baálé ilé yóò fi sọ pé òun gbà.

Meshal, ọmọ Nawaf, ni wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ó yìnbọn sókè níbi ìyàwó, ayọ̀ ló ń ṣe. Ọta náà lọ sókè títí agbára rẹ̀ fi tán, ó sì padà bọ́ lé Ruqoyyah lórí, níbi tó ti ń pàtẹ́wọ́ lórí òrùlé.

Kàmọ́rù wo àwọn ife náà pẹ́. Nǹkan kan ṣoṣo ló béèrè: kí wọ́n má ṣe gbé ìbọn wá síbi ìyàwó wọn mọ́.

Nawaf ní, "A gbà. Ọlọ́run gbọ́."

"Ẹ mu kọfí yín."

Nígbà tí ọdún yípo, àbúrò Meshal fẹ́ gbé ìyàwó. Rana, ọ̀rẹ́ Maha nílé ìwé, ni ìyàwó náà. Maha sì ni ọmọ kan tó kù fún Kàmọ́rù.

Kabirat ní, "Bàbá Ruqoyyah, ẹ má retí mi níbẹ̀." Orúkọ òkú ni wọ́n ṣì fi ń pè é nílé yẹn; ta ló lágbára àtipa á dà?

"Wọ́n ti ṣèlérí, Kabirat."

"Ìlérí ni, àbí kọfí?"

Maha ti wà lẹ́nu ọ̀nà. "Yàlá, Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ!" ló ń pariwo. "Kí wọ́n tó jẹun tán!"

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì àwọn àlejò Ọlọ́run, àwọn tó ń lọ ṣe hájì àti úmúrà, ni Kàmọ́rù, ó mọ ọ̀nà Mẹ́kà bí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Wọ́n dé Utaybiyah, àdúgbò Nawaf ní Mẹ́kà, lẹ́yìn ìrun alásàrí. Maha gba ẹnu ọ̀nà àwọn obìnrin wọlé. Kàmọ́rù yíjú padà, ó sì rí àwọn ìbọn.

Àwọn ọkùnrin fi wọ́n kọ́ èjìká bí ẹni gbé àpò. Ọ̀kan fara ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo dàbínù. Ọkùnrin kan tẹríba láti kí àgbàlagbà, ẹnu ìbọn rẹ̀ sì kọjá lójú gbogbo àwọn tó jókòó, lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tó yẹra.

Meshal wá dì mọ́ ọn, tìbọntìbọn. "Ẹ má bẹ̀rù, Bàbá. Ó ṣófo."

"Tìrẹ ṣófo. Tàwọn yòókù ńkọ́?"

Meshal wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ìbọn kì í ní àmì lójú tí a fi ń mọ èyí tó yó yàtọ̀ sí èyí tí ebi ń pa.

Wọ́n gbé kọfí fún Kàmọ́rù. Ó gbà á, ó sì gbé e sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Awakọ̀!" ni ẹnìkan kígbe. "Ṣé iná pupa ló dá ọ dúró ni? Ó ti gbà ọ́ láyè, máa lọ!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Nawaf kò rẹ́rìn-ín. Ó sún mọ́ ọn.

"Mu kọfí rẹ, Bàbá Ruqoyyah."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n kó àwọn ìbọn wọ̀nyí sínú ọkọ̀, màá mu ún."

Ohùn Nawaf lọ sílẹ̀, ó sì rọ̀. "Ọmọ mi, ìdílé ló ń gbé ife sílẹ̀ níwájú ìdílé. Ta ló dúró lẹ́yìn rẹ?"

Kàmọ́rù kò wẹ̀yìn. Ó mọ̀ pé ògiri ni. Bàbá rẹ̀ ti Ìsẹ́yìn wá ṣe hájì, kò padà. Jẹ́dà ni wọ́n bí Kàmọ́rù sí. Àṣà tó ti ń wò láti kékeré, ó ti rò pé tòun náà ni.

Ìbọn dún níta. Òmíràn tẹ̀ lé e. Àwọn obìnrin fi igbe ayọ̀ dáhùn lókè, lórí òrùlé.

"Maha wà lókè," ni Kàmọ́rù wí. Ó ti dìde. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kì í wọ ibi tí àwọn obìnrin wà. Onílé nìkan ló lè ránṣẹ́ pè é. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi pe ọmọ mi."

"Màá pè é. Kọ́kọ́ mu ún. Má dójú tì mí láàárín àlejò."

Kàmọ́rù mu ún. Ó ti tutù.

Maha jáde pẹ̀lú ìbínú, ó fa ìlẹ̀kùn ọkọ̀ dé gbàà. Ìbọn ń dún lẹ́yìn wọn títí wọ́n fi bọ́ sójú ọ̀nà Jẹ́dà. "Kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀, Bàbá," ló ń tún sọ ní Lárúbáwá. "Kò sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀!" Òótọ́ ló sọ. Òótọ́ náà ni Meshal ì bá sọ nígbà yẹn, kí ọta náà tó balẹ̀.

Nílé, Maha gbé fóònù, ó gun òrùlé lọ láti bá Rana sọ̀rọ̀. Kabirat wo ojú ọkọ rẹ̀.

"Wọ́n gbé ìbọn wá?"

"Wọ́n gbé e wá."

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Mo mu kọfí wọn."

Kabirat nawọ́ sí àtẹ̀gùn. Ó ní, "Ẹ pe ọmọ yẹn wálẹ̀."

"Jẹ́dà la wà, Kabirat."

"Mo mọ ibi tí a wà. Ẹ pè é wálẹ̀."

Kàmọ́rù dúró nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ó pè é. Maha dáhùn ní Lárúbáwá pé òun ń bọ̀. Wọ́n dúró, àwọn méjèèjì, wọ́n gbójú sókè. Kò wálẹ̀.