Mẹ́mọ́rì Giga Mẹ́jọ

Ẹni tó bá sọ fún Àtinúkẹ́ pé nǹkan kan ò ṣeé ṣe, ìjà ló ń wá. Fóònù ló ń tún ṣe ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, ọmọ ọdẹ sì ni. Nígbà tí mẹ́mọ́rì inú ẹ̀rọ tí àwọn ọdẹ so mọ́gi lẹ́nu ọ̀nà igbó bàjẹ́, òun ni Ògúnmọ́dẹdé, Olúọ́dẹ, gbé e wá fún. Ẹ̀rọ náà ò tóbi ju páálí ìṣáná lọ, àmọ́ kọ̀ǹpútà gidi ni. Ó ń wo ojú gbogbo ẹni tó bá ń ti inú igbó bọ̀. Ojú tí kò bá mọ̀, á ké sórí fóònù Olúọ́dẹ. Láti ìgbà tí àwọn ọlọ́kadà kan ti ń jí àgbẹ̀ gbé, ẹ̀rọ yẹn ló ń jẹ́ kí ìlú rójú sùn. Oko ìyá Àtinúkẹ́ fúnra rẹ̀, ẹnu ọ̀nà yẹn ló wà.

Àwòkọ gbogbo ohun tó wà nínú mẹ́mọ́rì àtijọ́ wà lọ́wọ́ Àtinúkẹ́, àmọ́ giga mẹ́rìnlá ni. Mẹ́mọ́rì kan ṣoṣo tó kù ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, giga mẹ́jọ péré. Olúọ́dẹ ní kó ní sùúrù, àwọn á ra èyí tó tóbi wá láti Ṣakí lọ́la. Àtinúkẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní ṣebí aṣọ tí ò bá wọ àpótí, kíká là ń ká a.

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í gé e. Ó yọ èdè òyìnbó tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ rí, ó yọ géèmù, ó yọ orin. Gbogbo àyè tó ṣófo, ó fún un pọ̀, ó gé etí rẹ̀ dànù. Síbẹ̀ ó ku bíńtín, kò wọlé, inú sì bí i. Ibẹ̀ ló ti rí fódà mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀sẹ̀ ìbílẹ̀, tí ojú àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ láti gbabẹ̀ lọ́jọ́ náà wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ ti ọjọ́ Ògún. Ọjọ́ Ògún kẹ̀? Ọdẹ wo ló ń wọgbó lọ́jọ́ Ògún? Láti kékeré ló ti mọ̀ pé èèwọ̀ ni. Ó pa á rẹ́, ìyókù sì wọlé wẹ́rẹ́.

Olúọ́dẹ bi í pé ṣé ó pé. Ó ní ó pé.

Ọjọ́ mẹ́ta kọjá. Ẹ̀rọ ké lẹ́ẹ̀kan, àlejò tó ṣìnà ni. Wọ́n yin Àtinúkẹ́ títí orí rẹ̀ fi wú. Wọn ò mọ̀ pé ohun tó ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ.

Ọjọ́ kẹrin ni ọjọ́ Ògún. Ní ìyálẹ̀ta, Àtinúkẹ́ ń kọjá lọ, ó rí gbogbo ọdẹ ìlú lábẹ́ igi, kò ku ẹnì kan. Olúọ́dẹ ní igbó mà dákẹ́ lónìí o, òun ò gbọ́ pìntìn lórí fóònù òun. Ìgbà yẹn ló yé Àtinúkẹ́. Torí ọjọ́ tí ọdẹ ò sí nígbó gan-an ni wọ́n ṣe gbé ẹ̀rọ síbẹ̀, ẹ̀rọ náà kì í sì í jí lọ́jọ́ tí kò bá ní fódà; òun ló di ojú rẹ̀. Kó tó la ẹnu, fóònù rẹ̀ dún. Ìyá rẹ̀ ni.

Ìyá rẹ̀ wà lóko, ó ń ṣa kaṣú. Kí ló kan àgbẹ̀ nínú èèwọ̀ ọdẹ? Ó ní òun ń gbọ́ ìró ọ̀kadà láti inú igbó, wọ́n pọ̀.

“Màámi, ẹ sá,” ni Àtinúkẹ́ wí. “Ẹ fi kaṣú sílẹ̀, ẹ sá.”

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já, ìyá rẹ̀ ò gbọ́ tó ìdajì. Ó ní kí ọmọ òun fọkàn balẹ̀.

“Tí wọ́n bá jẹ́ èèyàn burúkú, ẹ̀rọ tí o tún ṣe ì bá ti ké. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ìjọba tó ń ṣọ́gbó ni. Jẹ́ n lọ dá wọn dúró, kí wọ́n bá mi gbé àpò kan délé.”

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì já pátápátá. Àwọn ọdẹ ti ń dìde, wọ́n ń bi í léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Àtinúkẹ́ pe ìyá rẹ̀ padà. Ó dún lẹ́ẹ̀mejì, ẹnì kan sì kọ ìpè náà. Láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti ra fóònù, kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ìpè.