Àádọ́rùn-ún Tí Kì Í Ṣe Àádọ́rùn-ún

Ẹ̀gbọ́n ló ni ṣọ́ọ̀bù, àbúrò rẹ̀ obìnrin ló ń yẹ iṣẹ́ wò. Ọ̀tanétọ̀, ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì mọ́tò ní iná, ni wọ́n ń tún ṣe níbẹ̀. Àbúrò á gbé e sórí tábìlì irin, á fi bẹ́líìtì yí i, á fi mítà wo iye áńpù, ìyẹn ìwọ̀n iná, tó ń mú jáde, ẹ̀gbọ́n á wá tẹ nọ́ńbà sí i lára.

Ibi nọ́ńbà yìí ni ìjà wọn wà. Ẹ̀rọ tó ṣì tutù a máa ṣakọ. Tó bá gbóná tán, agbára rẹ̀ á wálẹ̀. Àbúrò ní èyí tó gbóná ni kí wọ́n máa kọ, ẹ̀gbọ́n ní ìyẹn ò lè tà. Èyí tó wù ú ló ń tẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, awakọ̀ ọkọ̀ ilé ìwòsàn wọlé, ó sọ ọ̀tanétọ̀ kan sórí káńtà.

"Obìnrin tó ń rọbí ni mo gbé nínú òjò," ó ní. "Mo tan iná, mo tan wáípà, nọ́ọ̀sì tan ẹ̀rọ tirẹ̀. Bátìrì gbẹ, ọkọ̀ kú sójú títì. Ibẹ̀ ló bímọ sí, iná fóònù la fi ń ríran. Ọpẹ́lọpẹ́ nọ́ọ̀sì lára òun àti ọmọ. Àádọ́rùn-ún lẹ kọ síbí. Àádọ́rùn-ún wo?"

Ẹ̀gbọ́n nàka sí àbúrò rẹ̀. "Òun ló yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má bínú, kì í fara balẹ̀."

Àbúrò dìde. Kó purọ́ mọ́ òun lójú òun, lórí ẹ̀mí èèyàn? Ó gbé ẹ̀rọ náà sórí tábìlì, ó tan án.

"Gbé e kúrò níbẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n wí.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n wò ó."

Mítà sáré dé àádọ́rùn-ún. "Ẹ ò rí i?" ni ẹ̀gbọ́n wí. Àbúrò ò pa ẹ̀rọ náà. Ó fa àga fún awakọ̀. Ẹ̀rọ gbóná, òórùn waya gba yàrá, abẹ́rẹ́ mítà ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tó fi dúró sí àádọ́ta.

"Mo sọ fún yín kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́," àbúrò wí, "ẹ ní ẹnu mi ti pọ̀ jù. Ẹ jẹ ẹ́ tán, ẹ wá ń fi epo rẹ̀ ra mí lẹ́nu."

Ó bọ́ aṣọ iṣẹ́, ó lọ sílé.

Ìyá wọn lọ bá a. "Ṣé torí irin lẹ ó ṣe di ọ̀tá?"

"Màámi, ojú títì lobìnrin yẹn bímọ sí, nínú òkùnkùn. Tó bá jẹ́ èmi ńkọ́?"

Ìyá jókòó tì í. Ó ní, "Kí lo fẹ́ kó ṣe?"

"Kó kó gbogbo ọ̀tanétọ̀ tó wà lórí pẹpẹ sílẹ̀, ká tún wọn yẹ̀ wò ní gbígbóná."

Ìyá jíṣẹ́ fún ẹ̀gbọ́n; ó gbà, ó fajú ro, àbúrò sì padà wá. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi fá àwọn nọ́ńbà irọ́ náà kúrò, kò wojú àbúrò rẹ̀. Kò bẹ̀ ẹ́ títí dòní. Àbúrò náà ò sì tíì dárí jì í tán.