Ibojì Tí Wọ́n Gbẹ́ De Bàbá Àgbà

Bàbá àgbà wa, Leander, ló kọ́kọ́ tẹ orí òkè yẹn dó. Tennessee ló ti wá, òun àtìyàwó rẹ̀ àti ọmọ ọwọ́ kan, màlúù ló ń fa kẹ̀kẹ́ ẹrù wọn. Igbó kìjikìji nibẹ̀, ìkookò ló ń ké níbẹ̀. Wọn ò tíì pẹ́ tí wọ́n dé tí ọmọ náà fi kú. Bí Bàbá àgbà ṣe ní ibojì kó tó ní òrùlé nìyẹn. Igi tó kọ́kọ́ gé, ọgbà ló fi ṣe yí ibojì ọmọ yẹn ká, kí ẹranko má baà hú u, kó tó gé ti ilé. Ibẹ̀ náà ló ń sin àwọn èèyàn rẹ̀ sí látìgbà náà. Òkúta inú oko la fi ń ṣàmì sórí wọn. A ò kọ nǹkan kan sí i, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí kò mọ ẹni tó wà lábẹ́ èwo.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, mo ti dàgbà tó ẹni tó ń fún wàrà màlúù. Òtútù ti ń wọlé bọ̀. Àìsàn dá Bàbá àgbà dùbúlẹ̀, kò jẹ, kò mu, kò dá ẹnikẹ́ni mọ̀ mọ́. Ìyá mi, Arminda, wà nínú oyún, ó sì ti wọ oṣù ìbí rẹ̀. Nítorí rẹ̀ ni Ìyá Keziah agbẹ̀bí ṣe ń gbé lọ́dọ̀ wa. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá arúgbó yìí fọwọ́ kan ẹsẹ̀ Bàbá àgbà, ó mi orí.

"Ó ti tutù dé orúnkún. Leander ò ní í jẹ oúnjẹ ọ̀sán."

Burl, àbúrò bàbá mi, jáde lọ wo ojú ọ̀run. Òjò yìnyín ló ṣú yẹn. Ilẹ̀ òkè wa, òkúta ni, bó bá sì ti dì, dígà ò ní í wọ̀ ọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká lọ gbẹ́ ibojì rẹ̀ nísinsìnyí."

Bàbá mi, Tolliver, yíjú sí i. "Ẹni tí kò tíì kú?"

"Ó dáa. Bí ilẹ̀ bá di irin tán, ẹ ó fi eyín yín gbẹ́ ẹ."

Ni wọ́n bá gbé dígà, wọ́n gòkè lọ. Ọ̀sán ti ń di ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó padà. Bí wọ́n ṣe ṣílẹ̀kùn, Bàbá àgbà ló jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, tó ń ki búrẹ́dì àgbàdo bọ inú wàrà, tó ń jẹ ẹ́.

"Kí ló kó erùpẹ̀ bá bàtà yín yẹn? Ta ló kú?"

Burl bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn erùpẹ̀ bàtà rẹ̀ nù.

"Burl, ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ta ló kú?"

"Kò... kò tíì sí, Bàbá."

"Kò tíì sí! Ó mà ń kánjú yín o! Ẹ ò wulẹ̀ gbé mi lọ síbẹ̀ kí n lọ máa dúró!"

Ìyá Keziah ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Òun náà ló kọ́kọ́ dákẹ́. Lọ́dọ̀ tiwa, ibojì tí a bá gbẹ́ kò gbọdọ̀ wà ní ṣíṣí kí oòrùn wọ̀ lé e lórí. Bó bá wọ̀ lé e, ibojì náà á pe ẹnì kan nínú ilé wá sínú rẹ̀. Ibi tí a dákẹ́ sí yẹn ni ìyá mi ti di etí tábìlì mú, tó tẹ̀ síwájú, tó ké. Ìrọbí ti dé. Gbogbo wa wo ikùn rẹ̀, a wo ojú fèrèsé.

"Ẹ jẹ́ ká lọ dí i kíá," ni bàbá mi wí.

"Kí lẹ fẹ́ fi dí i?" ni Ìyá Keziah bi í. "Ẹ ò lè da erùpẹ̀ sí i lófìfo. Ẹ ti ṣèlérí fún ibojì náà pé nǹkan máa wọ inú rẹ̀."

"Ṣé kí n lọ sùn síbẹ̀ ni?" ni Burl wí.

Bàbá àgbà nu ẹnu. "Ọ̀dùnkún dà? Ṣé ẹ ti gbẹ́ ihò tí ẹ máa kó o sí kí òtútù má baà bà á jẹ́?"

"A ò tíì gbẹ́ ẹ, Bàbá."

"Ẹ ti gbẹ́ ẹ. Ẹ kó o lọ."

A ru apẹ̀rẹ̀, a ru koríko gbígbẹ, èmi náà ru tèmi. Bí mo ti ń gòkè, mò ń gbọ́ igbe ìyá mi lẹ́yìn, oòrùn sì wà níwájú mi, ó ti fara kan orí igi. A tẹ́ koríko, a da ọ̀dùnkún sí i, a tún fi koríko bò ó. Bàbá mi àti Burl ń kó erùpẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Oòrùn wọ̀. Igun kan ṣì ṣí sílẹ̀ níbi ẹsẹ̀ ibojì náà, mo ń rí koríko nínú rẹ̀. Bàbá mi rí i pé mo rí i. Burl ń da erùpẹ̀ lọ, kò gbójú sókè.

Nígbà tí a délé, ìyá mi ò tíì bí, agbára rẹ̀ sì ti tán. Ó di ọwọ́ bàbá mi mú.

"Ṣé ẹ dí i? Ṣé kí oòrùn tó wọ̀ ni?"

"A ti dí i tipẹ́. Lutie wà níbẹ̀, bi í."

Ìyá mi yíjú sí mi. "Lutie?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi."

Ó mí kanlẹ̀, ó ṣara gírí. Ọkùnrin ló bí, igbe ọmọ náà sì ròkè. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ò tètè dá, Ìyá Keziah ò sì jẹ́ kí n wọ yàrá.

Gbogbo ìgbà òtútù yẹn, mi ò fi ìyá mi lọ́rùn sílẹ̀. Bó bá wúkọ́, màá sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bó bá sùn lọ́sàn-án, màá lọ gbé etí sí imú rẹ̀. Wọ́n á rán mi lọ hú ọ̀dùnkún wá láti orí òkè, eré ni màá sá lọ, eré ni màá sá bọ̀. Òun ló ń jẹ ẹ́ jù nínú ilé, á ní ti ọdún yìí dùn.

Ìgbà tí yìnyín ń yọ́ ni Bàbá àgbà kú lórí àga rẹ̀. Wọ́n kó ìyókù ọ̀dùnkún jáde, wọ́n sì gbé e sínú ibojì náà ní òwúrọ̀. Gbogbo èèyàn ń sunkún. Mo gbọ́ tí obìnrin kan ń sọ fún ẹnì kejì rẹ̀ pé irú ọmọ wo lèyí, tí omi ò bọ́ lójú rẹ̀ lórí bàbá àgbà tó tọ́ ọ. Mi ò wo ibojì náà rárá. Ìyá mi ni mò ń wò, ẹni tí mo rò pé ibojì náà máa pè, bó ṣe dúró tó gbé ọmọ mọ́ àyà, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n nínú atẹ́gùn.