Ògiri Tó Kọjú Sí Ọ̀nà

Ìgbà òjò ọdún yẹn, iṣẹ́ mẹ́ta ló wà lọ́rùn mi, kò sì sí èyí tó ṣe é fi sílẹ̀ nínú wọn. Oko àgbàdo wa wà lọ́nà Massè, èpò sì ti fẹ́ ga ju àgbàdo lọ, nítorí wọ́n ti kó Ògúnkọ̀yà, ọkọ mi, lọ síbi tí wọ́n ti ń la ọ̀nà fún àwọn Faransé. Ọgbà ẹ̀fọ́ mi wà láàárín ilé Bùkúù, òrìṣà wa, àti ọ̀nà: ilá, ata, tẹ̀tẹ̀ àti gbọ̀rọ̀, ohun tí à ń jẹ kí àgbàdo tuntun tó gbó. Ẹ̀kẹta ni ògiri Bùkúù fúnra rẹ̀. Èmi Ìyábùnmi ni mo ń kùn ún.

Ẹ má rò pé eré ni. Ọmọ méjì ni mo ti sin kí n tó bí Málọmọ́. Ọjọ́ tí mo bí i ni mo jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Bùkúù pé bí èyí bá dúró, lọ́dọọdún ni n óò máa kun ògiri rẹ̀, ọwọ́ ẹlòmíràn kò sì ní í kan àwòrán náà kí ọdún tó yípo. Málọmọ́ ti pé ọdún mẹ́ta báyìí. Àwọn méjì tó ṣáájú rẹ̀, ọdún kẹta ni wọ́n lọ. Bó bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, mo ti dìde dúró.

Kùtùkùtù ni mo ń lọ ro oko. Bí oòrùn bá ti ń mú, mo ti padà sídìí ògiri. Mo lọ osùn, mo gún èédú, mo po ẹfun. Ìyẹ́ àkùkọ ni mo fi ń fa ìlà. Mo ya ọ̀gà, mo ya ejò, mo ya àmì ara ẹkùn káàkiri ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà mo se èèpo irúgbá, mo fi omi rẹ̀ kùn ún lórí kí òjò má baà ṣàn án lọ. Bí òjò bá ti ṣú, èmi ni mo máa ń bá a jà lẹ́nu, pé kó lọ rọ̀ sí Oko-Akarè ná, kó jẹ́ kí ògiri mi gbẹ. Ó gbẹ lóòótọ́. Mo dúró wò ó, mo sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lóṣù yẹn.

Ẹ̀rín náà kò pé ọjọ́ méjì. Baba Abọ́dúndé, tí àwọn Faransé fi ṣe olórí abúlé wa, kéde pé Kọ̀máńdà, ọ̀gá òyìnbó tó ń ṣàkóso agbègbè wa, ń kọjá lọ́jọ́ kẹsàn-án. Gbogbo ògiri tó bá kọjú sí ọ̀nà gbọ́dọ̀ funfun. Ẹfun òyìnbó wà lójúde rẹ̀, kí oníkálukú wá bù. Ilé tí kò bá funfun, ẹ̀ṣọ́ yóò kùn ún, wọn yóò sì mú onílé lọ.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, ni mo bá gba ilé Baba Abọ́dúndé lọ, mo kúnlẹ̀.

"Baba, ẹ dákun, ẹ yọ ti Bùkúù kúrò níbẹ̀. Ẹ̀jẹ́ ọmọ mi ni."

"Ìyá Málọmọ́, ṣé èmi ni Kọ̀máńdà ni?" Ilẹ̀ ló ń wò. "Bí n kò bá ṣe é, èmi ni wọ́n máa kọ́kọ́ dè."

"Kí wọ́n wá dè mí dípò yín."

"Ta ni yóò wá tọ́jú ọmọ ọ̀hún?"

Inú bí mi gan-an, mo sì dìde láì dágbére. Ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà Ẹfúnwùmí, tó ń bọ Bùkúù fún gbogbo wa, ni mo gbà lọ. Ẹnu ọ̀nà ilé Bùkúù ló jókòó sí. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, ó yíjú sí ọ̀nà.

"Ọmọ mi, ẹnu rẹ lo fi jẹ́jẹ̀ẹ́, n kò lè bá ọ tú u," ló wí. "Ṣùgbọ́n ògiri tó kọjú sí ọ̀nà ni wọ́n ní kó funfun, àbí? Ṣé ògiri mìíràn kò lè kọjú sí i ni?"

Mo wo ibi tó ń wò. Ọgbà mi ni. Kò sí ibòmíràn tí a lè mọ ògiri sí, kò sì sí ibòmíràn tí a ti lè wa amọ̀ rẹ̀. Ilá ti ń tanná, gbọ̀rọ̀ ti bo ilẹ̀. Bí mo bá hú u, kí ni a ó máa fi jẹun títí àgbàdo yóò fi gbó?

Mo wọlé, mo fọwọ́ kan iwájú orí Málọmọ́ níbi tó ń sùn lọ́sàn-án. Ó gbóná, àbí ọwọ́ mi ló tutù? N kò mọ̀. Mo mú ọkọ́.

Mo ń hú ilá, mo ń sunkún, mo ń bú Kọ̀máńdà, mo ń bú ara mi. Lọ́jọ́ kejì, àwọn obìnrin ilé wa wá bá mi láìjẹ́ pé mo pè wọ́n. A fi ẹsẹ̀ gún amọ̀, a mọ ọ́n dé àyà, òjò wó ìdajì rẹ̀, a tún un mọ. Nígbà tó ga dé èjìká, a to imọ̀ ọ̀pẹ sókè rẹ̀ kí àwòrán má baà hàn, a sì kùn ún ní funfun. Ẹfun òyìnbó yẹn bó mi lọ́wọ́.

Ọjọ́ pé. Ẹ̀ṣọ́ méjì ló ṣáájú. Ọ̀kan fi ọwọ́ tẹ ògiri náà. Amọ̀ ṣì tutù, ọwọ́ rẹ̀ sì funfun. Ó wo imọ̀ ọ̀pẹ, ó wo èmi.

"Kí ló wà lẹ́yìn èyí?"

"Ẹ̀yìn ògiri ni," Baba Abọ́dúndé, tó ń tẹ̀lé wọn, dá a lóhùn kí n tó la ẹnu.

Ẹ̀ṣọ́ náà wò ó títí, ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, ó sì lọ. Nígbà tí Kọ̀máńdà kọjá lórí àga tí wọ́n fi rù ú, kò tilẹ̀ yí ọrùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ẹ̀gẹ́ sísè nìkan ni mo gbé síwájú Málọmọ́. Ó tọ́ ọ wò, ó tì í sẹ́yìn.

"Ìyá, ọbẹ̀ ńkọ́?"

Mo ní kò sí. Ó ju ara rẹ̀ sílẹ̀, ó ń ta ẹsẹ̀, ó ń ké débi tí gbogbo agbo ilé fi gbọ́. Àwọn méjì tó ṣáájú rẹ̀ kò bèèrè oúnjẹ lọ́jọ́ tí wọ́n lọ. Wọ́n kàn dákẹ́ ni. Mo jókòó tì í, ebi ń pa èmi náà, mo sì jẹ́ kó sunkún díẹ̀ sí i kí n tó gbé e.