Àwọ̀ Ewé Lórí Máàpù

N kò parọ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn ná, torí òun ni mo máa ń sọ fún ara mi láràárọ̀ kí n tó jáde nílé. Gbogbo nọ́ńbà inú máàpù náà ló péye.

Iṣẹ́ máàpù ni mò ń ṣe ní ọ́fíìsì ìgbìmọ̀ ìlú. Lọ́dún náà, ìgbìmọ̀ fẹ́ ti ọ̀kan pa nínú ilé ìwòsàn kéékèèké mẹ́rin, wọ́n sì ní kí n ya máàpù tó máa fi hàn bí àwọn aláìsàn ṣe pọ̀ tó níbi kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè fi pinnu. Ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lẹ́yìn rélùwéè, ní àdúgbò tí wọ́n bí mi sí. Ibẹ̀ ni màmá mi ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, torí orúnkún rẹ̀ kò lè gun bọ́ọ̀sì mọ́.

Àmì tótòtó pupa ni mo kọ́kọ́ fi yà á, àmì kan fún aláìsàn mẹ́wàá. Ẹ̀yìn rélùwéè pọ́n fòò. Ọmọdé tí kò mọ̀wé á mọ ibi tí èèyàn pọ̀ sí.

Alága ìgbìmọ̀ wò ó, ó fajú ro.

"Ọ̀rẹ́ mi, pupa yìí ti pọ̀ jù. Yọ gbogbo tótòtó yẹn. Ṣírò iye aláìsàn lórí bí ilẹ̀ wọ́ọ̀dù ṣe fẹ̀ tó, kí o fi àwọ̀ kan ṣoṣo kun wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan. Pupa níbi tí wọ́n ti fún pọ̀, àwọ̀ ewé níbi tí wọn ò ti pọ̀."

"Sà, wọ́ọ̀dù kan náà ni ẹ̀yìn rélùwéè pẹ̀lú orí òkè, níbi tí ilé olówó kan ti ń gba ilẹ̀ ogún ilé. Tí a bá pa wọ́n pọ̀, á dà bíi pé kò sí èrò lẹ́yìn rélùwéè..."

"Ṣé nọ́ńbà máa yí padà ni?"

"Rárá, sà."

"Ṣé irọ́ ni?"

"Rárá, sà."

"Ó parí náà nìyẹn."

Ìwé ìgbéga mi wà lábẹ́ ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Ojo ni mí, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Mo padà sídìí kọ̀ǹpútà, mo kun wọ́ọ̀dù náà láwọ̀ ewé láti orí òkè dé ẹ̀yìn rélùwéè. Ó tutù lójú bí oko tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rójò. Nídìí iṣẹ́ wa, ẹni tó bá ya máàpù a máa buwọ́ lù ú ní igun ìsàlẹ̀. Ó ti mọ́ mi lára. N ò tilẹ̀ ronú kí n tó buwọ́ lù ú.

Nípàdé, ìṣẹ́jú kan péré ni wọ́n fi wo máàpù náà. "Ibẹ̀ yẹn mà tutù o," ni ẹnì kan wí. Wọ́n dìbò. Kò sẹ́ni tó béèrè nọ́ńbà kankan lọ́wọ́ mi.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, mo lọ kí màmá mi. Iwájú ilé ìwòsàn ni mo bá a, ó fi ọ̀pá tilẹ̀, àwọn aládùúgbò yí i ká. Wọ́n ti ti ilẹ̀kùn pa, wọ́n sì lẹ máàpù mi mọ́ ọn, kí aráàlú lè rí ìdí rẹ̀.

Ẹ̀rín ni màmá mi ń rín.

"Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran! Ẹ wá wo ìbuwọ́lùwé ọmọ mi! Láti kékeré ló ti ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ògiri mi, tí mo ń nà án." Ó ń fọwọ́ pa igun ìwé náà bí ẹni ń pa orí ọmọ. Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì.

"Wọ́n ní bọ́ọ̀sì méjì ni màá máa wọ̀ báyìí," ó ní. "Àwọn tó ti í pa ló mọ ohun tí wọ́n rí. Ọkọ mi, ilé wa dà níbẹ̀?"

Mo gbé àtàǹpàkò mi lé e. Ilé wa, ilé ìwòsàn, rélùwéè, gbogbo ẹni tó yí wa ká, gbogbo wọn wọ abẹ́ ìka kan.

"Ó dáa," ni màmá mi wí, ó sún mọ́ ọn, ó ń fẹjú. "Mú ọwọ́ kúrò ká rí wa."

N kò mú un kúrò.