Ìdọ̀bálẹ̀ Jọmílójú

Ó rẹ Jethro. Kì í ṣe irú àárẹ̀ tí oorun ń mú lọ. Láti ìgbà tí Mabel ìyàwó rẹ̀ ti kú ni àárẹ̀ ọ̀hún ti ń bá a gbé nínú yàrá kan tó háyà ní Mushin, bí àlejò tó gbàgbé pé òun nílé. Níbi tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì ló ń ṣiṣẹ́ òru. Tó bá di àárọ̀, á wọlé tòun ti fúláwà lórí. Jọmílójú, ọmọbìnrin rẹ̀ ọlọ́dún márùn-ún, ọ̀dọ̀ Àǹtí Salome, ará Kàlàbá tó wà ní yàrá kejì, ló ń sùn.

Ìyá Mabel wá ránṣẹ́ láti Ṣàgámù pé òun ń bọ̀ ní Sátidé. Kò fepo bọyọ̀: òun fẹ́ wo bí ọmọ-ọmọ òun ṣe ń dàgbà, bí òun kò bá sì rí ẹ̀kọ́ lára rẹ̀, òun á mú un lọ.

Ẹ̀kọ́ kẹ̀? Ìkíni ni Jethro tilẹ̀ kọ́kọ́ kọ́ ọmọ náà. "Ohun tó o bá rí i tí mò ń ṣe, ìwọ náà ṣe é." Bàbá onílé ń kọjá, Jethro dọ̀bálẹ̀. Jọmílójú náà nà gbalaja sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tòun ti gáùn, tòun ti yẹtí. Àwọn ará ilé rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n fún un ní bísíkíìtì. Láti ọjọ́ náà, kò sí àgbà tí ọmọ yìí kì í dọ̀bálẹ̀ fún. Jethro mọ̀ pé ìkúnlẹ̀ ni ti obìnrin. Ọ̀la ni òun á tún un ṣe. Ọ̀la á dé, oorun á gbé e lọ. Ẹni tó bá ti ru àpò fúláwà mọ́jú rí nìkan ni kó bá a wí.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni ẹ̀rù wá bà á. Ó pe ọmọ, ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ kó lè fi hàn án. Inú ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni òun alára ti ń kúnlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì pàdé ara wọn láìròtẹ́lẹ̀. Jọmílójú wò ó, ó dijú, ó ní, "Àmín."

Láàárọ̀ Sátidé, Jethro ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, ó gba ọmọ lọ́wọ́ Àǹtí Salome tán, ni ìyá àgbà wọlé. Ó dọ̀bálẹ̀, "Ẹ káàbọ̀, mà." Ó gbọ́ gbì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Màmá!"

Ìyá Mabel kò rẹ́rìn-ín. "Ta ló kọ́ ẹ báyìí?"

"Dádì mi ni." Ìdùnnú ló fi sọ ọ́.

Sìmẹ́ǹtì ilẹ̀ tutù lábẹ́ àyà Jethro. Ojú tì í, síbẹ̀ ó wù ú kí wọ́n fi òun sílẹ̀ níbẹ̀ kí òun sùn.

"Dìde, Jethro. Mi ò bínú. Èyí tó o mọ̀ lo kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí. Wo bó o ṣe rù."

Ó kó ìró rẹ̀ jọ, ó sì rọra kúnlẹ̀. "Wò mí, ọmọ mi. Bí ìyá ẹ ṣe máa ń kúnlẹ̀ nìyí."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà!" Jethro fò dìde. Èèwọ̀ ni, kí ìyá ìyàwó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀! Orí ìkúnlẹ̀ ni ìyá àgbà wà. Jọmílójú wò ó dáadáa, ó kúnlẹ̀, ó sì tẹ orí ba díẹ̀. Mabel gan-an ni.

"Ìwọ ni bàbá ẹ̀," ni ìyá àgbà wí. "Kí la máa ṣe?"

Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi. Ohun tó yẹ kí Jethro sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ti dé ètè rẹ̀. "Ẹ máa mú un lọ, mà," ni àárẹ̀ mú un sọ. Ó kórìíra ẹnu ara rẹ̀.

Ní ọ̀sán, wọ́n ti di ẹrù. Jọmílójú yíjú sí bàbá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Jethro ń gbàdúrà sínú pé kó nà gbalaja bíi ti tẹ́lẹ̀, kí gbogbo wọn lè rẹ́rìn-ín, kí ìyá àgbà sì ní ẹ̀kọ́ ọ̀hún kò tíì wọlé. Ọmọ náà kó gáùn rẹ̀ jọ, ó fi orókún méjèèjì kanlẹ̀.

"Ó dàbọ̀, Dádì."

Kò sí àbùkù kankan níbẹ̀. Kò sì dìde, nítorí ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ kì í dìde títí àgbà á fi dá a lóhùn. Jethro mọ̀ pé bí òun bá ti lè ní "Dìde" báyìí, ó lọ nìyẹn. Ìyá Mabel gbé ẹrù dání, kò kán an lójú. Jethro dúró, ó ń wo orí ọmọ rẹ̀, kò sì sọ nǹkan kan.