Ìlà Mẹ́rin fún Ọ̀tìn

Ṣọ́ọ̀bù àwọn onígbàgbọ́ kan n'Íkìrun ni mo ti máa ń ra òróró ólífì. Òróró àdúrà ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, wọ́n ya àgbélébùú sí ara ìgò rẹ̀. Obìnrin tó ń tajà á ní, "Olúwa á gbọ́ tiyín o, Tíṣà." Èmi náà á ní, "Àmín." Mi ò jẹ́ sọ fún un pé inú àtùpà Hẹ́sítíà ni mo fẹ́ dà á sí.

Hẹ́sítíà ni òrìṣà ààrò àwọn ará Gíríìkì àtijọ́. Òun ni wọ́n ń kọ́kọ́ fún lóúnjẹ, òun náà ni wọ́n ń fún kẹ́yìn. Yunifásítì ni mo ti kà nípa àwọn òrìṣà wọn, kí n tó rí àwọn èèyàn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń bọ wọ́n lóòótọ́ lóde òní. Ọdún kẹfà rèé. Láràárọ̀, kí n tó lọ kọ́ àwọn ọmọ ní iléèwé, mo máa ń fọ ọwọ́, mo máa ń tan àtùpà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù mi, mo sì máa ń fi òkèlè àkọ́kọ́ sínú àwo Hẹ́sítíà. Ọkà báálì ni wọ́n ní ká máa fọ́n sílẹ̀. Ta ló ń ta báálì n'Íkìrun? Ọkà bàbà ni mò ń lò, Súúsì tó jẹ́ olórí wọn ò sì tíì bínú.

Díákónì ni bàbá mi ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi. Àwọn ló yí orúkọ wa kúrò ní Fáṣadé sí Olúṣadé. Wọ́n ní ìwé àkàjù ló dà mí lórí rú. Ìyá tó bí wọn nìkan ni ò bá mi jà.

Òkukù ni Ìyá àgbà ń gbé. Àdùnní lorúkọ wọn. Àwọn nìkan ló kù nínú ẹbí wa tó ń bọ Ọ̀tìn, odò tí wọ́n fi ń pe gbogbo àgbègbè wa. Ìkòkò omi Ọ̀tìn wà ní igun yàrá wọn. Bí ọjọ́ ọ̀sẹ̀ rẹ̀ bá pé, wọ́n á pààrọ̀ omi náà, wọ́n á kúnlẹ̀, wọ́n á sì máa kì í. Oríkì yẹn gùn. Bí mo bá wà níbẹ̀, fóònù ni mò ń tẹ̀.

Lọ́jọ́ kan tí mo ra búrẹ́dì gbígbóná lọ fún wọn láti Inísà, wọ́n ní kí n ṣàlàyé àwọn òrìṣà mi. Mo ṣàlàyé títí, wọ́n ń jẹ búrẹ́dì, wọ́n ń mi orí.

"Bó bá wá rú ọ lójú ńkọ́? Ta lò ń bi?"

"Ìwé ni, Ìyá àgbà. Àwọn ọ̀mọ̀wé ń hú àfọ́kù ìkòkò nínú ilẹ̀, wọ́n ń ka ohun tí wọ́n kọ sára òkúta. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti parẹ́, a máa ń fi àlàfo sílẹ̀ níbẹ̀."

"Àwọn àgbà wọn dà?"

"Wọ́n ti kú tán. Ó ti lé lẹ́gbẹ̀rún ọdún."

Wọ́n gbé búrẹ́dì ọwọ́ wọn sílẹ̀. "Yéè! Kò sì sí ọmọ kan tó bi wọ́n kí wọ́n tó lọ?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé àwọn ará Gíríìkì ni wọ́n ń káàánú.

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, wọ́n ní, "Wá ní Sátidé. Mo fẹ́ kì Ọ̀tìn fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mú bírò dání. Ẹnu èmi nìkan ló kù sí."

Sátidé yẹn ló wá bọ́ sí ọjọ́ kìíní oṣù tuntun ti àwọn ará Gíríìkì, ọjọ́ tí a máa ń tún ojúbọ ṣe, tí a máa ń fi oyin àti tùràrí bọ gbogbo wọn. Mi ò fẹ́ kó fò mí. Mo pe Ìyá àgbà, mo sọ ìdí rẹ̀ fún wọn, mo ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

"Kò burú," ni wọ́n wí. "Jẹ́ kí àwọn àlejò rẹ kọ́kọ́ jẹun."

Mo sọ fún ara mi pé omi tí èèyàn máa mu kò ní ṣàn kọjá ẹni. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ìdánwò àwọn ọmọ ni. Èyí tó tún tẹ̀lé ìyẹn, mi ò rántí ohun tó dí mi lọ́wọ́ mọ́, ìyẹn ló sì ń dùn mí jù. Lọ́jọ́ Ẹtì tó tẹ̀lé e, bàbá mi pè mí pé rọpárọsẹ̀ ti kọlu Ìyá àgbà.

Ẹnu wọn ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tí mo dé Òkukù. Bí wọ́n ṣe rí mi, wọ́n na ọwọ́ òsì sí ìkòkò. Mo mú bírò, mo mú ìwé, ojú ń tì mí. Wọ́n gbìyànjú. "Ọ̀... ọ̀..." nìkan ló ń jáde, itọ́ ń ṣàn sí wọn lọ́rùn, wọ́n ń fi ọwọ́ gbá ẹní.

"Ẹ má ṣe wàhálà mọ́, Ìyá àgbà," ni mo wí.

Wọ́n wò mí. Omi bọ́ lójú wọn. Ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n kú.

Bàbá mi sin wọ́n pẹ̀lú orin ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìwé kiri bí àwọn ọ̀mọ̀wé tó ń ṣa àfọ́kù. Ìyá Ọláwuyì, ẹgbẹ́ wọn ní ilé kejì, rántí ìlà méjì. Bàbá Fátóògùn, àgbẹ̀ kan ní Ìgbàyè tí ìyá rẹ̀ máa ń bá wọn bọ Ọ̀tìn, rántí ẹyọ kan. Kò sẹ́lòmíì.

Lẹ́yìn oṣù kan, bàbá mi yà sọ́dọ̀ mi n'Íkìrun. Wọ́n rí ìwé náà lórí tábìlì, wọ́n kà á, wọ́n sì kọjú sí fèrèsé.

"Èyí tó gbẹ̀yìn ò sí níbẹ̀," ni wọ́n wí. "Òun ni ìyá mi fi ń rẹ̀ mí lẹ́kún."

Wọ́n kì í fún mi, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Má jẹ́ kí Pásítọ̀ gbọ́ o." Àwa méjèèjì sunkún.

Ìkòkò náà ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù mi báyìí. Bí ọjọ́ ọ̀sẹ̀ bá pé, mo máa ń pààrọ̀ omi rẹ̀, mo máa ń kúnlẹ̀, mo sì máa ń wí pé:

Ọ̀tìn, omi tí í lọ tí kì í dágbére,
A-wà-nísàlẹ̀-mọ-orúkọ-ọmọ-gbogbo,

Ìyá tó wẹ ọmọ, tó wẹ ẹni tó bí ọmọ,

Má jẹ́ kí n pè ọ́ kí n má rẹ́ni dáhùn.

Mo máa ń dákẹ́ nínú àwọn àlàfo náà. Mo máa ń gbìyànjú láti gbọ́ ohùn Ìyá àgbà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí mò ń kà lórí fóònù nígbà tí wọ́n ń kì í ni mò ń rántí. Orin tí àwọn ará Gíríìkì fi ń kì Hẹ́sítíà ni. Mo mọ̀ ọ́n sórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ọ̀rọ̀ kan ò sọnù níbẹ̀.